Ṣé ìyà nìkan ló lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò?

Ìyá Ìbejì Kubwa:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù kẹta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Kubwa la ń gbé, lápá ibi tí ilé ti ń pọ̀ sí i lọ sí ọ̀nà Bwari. Táíwò àti Kẹ́hìndé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 9. Ilé wa ní bọ́ọ̀hóòlù tirẹ̀ àti táǹkì ńlá méjì lórí irin gíga. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú, bí wọ́n bá ti yí ẹ̀rọ báyìí, omi á tú jáde. Bí wọ́n bá ń fọ eyín, omi á máa dà lọ. Bí wọ́n bá ń fọ ọkọ̀ bàbá wọn ní Sátidé, wọ́n á gbé rọ́bà omi sílẹ̀, wọ́n á máa sáré kiri, omi á máa ṣàn gba orí ìńtálọ́ọ̀kì lọ sínú gọ́tà. Mo máa ń bá wọn wí, wọ́n á bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, bọ́ọ̀hóòlù gbẹ. Pọ́ǹpù ò bàjẹ́ o. Omi ló lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí pọ́ǹpù wà. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko báyìí, mẹ́rúwà, ẹni tó ń ta omi kiri, ló ń ti omi wá fún wa, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́wàá lójúmọ́, àwa èèyàn márùn-ún la sì ń lò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kẹ́ẹ̀gì kan péré ló kù. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo bá Kẹ́hìndé tó ti bu kẹ́ẹ̀gì méjì tán, tó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀lù rẹ̀. Inú bí mi, mo gbá a létí. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ṣebí mẹ́rúwà á tún mú òmíràn wá lọ́la?"

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ náà kò ṣorí kunkun. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Lójú tirẹ̀, mẹ́rúwà ti rọ́pò táǹkì, ó parí. Ọmọkùnrin tó ń ta omi fún wa yìí wá láti Katsina, aago mẹ́rin òru ló ti ń tò sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rọ omi. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Wọn ò mọ ibi tó ti ń pọn ọ́n, wọn ò sì ronú ẹ̀ rí pé ibẹ̀ náà lè gbẹ.

Ọmọ Ṣakí lèmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá mi á jí wa ní òru, a ó lọ sí odò tó ti gbẹ, a ó fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn títí omi á fi máa sun díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi igbá bù ú. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì kì í dànù, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń lọ. Omi tí a fi wẹ ọmọ la fi ń fọ ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kankan nípa ohun àlùmọ́ọ́nì. Ọrùn mi tó ru omi yẹn ló kọ́ mi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kán tó, tó, tó nílé ẹlòmíràn, n ò ní lè gbádùn àlejò tí mo lọ ṣe.

Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí ọrùn àwọn ọmọ mi kọ́ wọn. Mo ṣiṣẹ́ kí wọ́n má bàa jìyà tí mo jẹ. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ayé Ṣakí ti lọ, pé a ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù náà jìn sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọkàn mi kò gbà á. Níbi ẹ̀kọ́, ìwé wọn to ohun àlùmọ́ọ́nì lẹ́sẹẹsẹ: omi, igbó, ilẹ̀, epo rọ̀bì, kùsà. Àwọn méjèèjì gba 10 nínú 10 nínú ìdánwò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú ìwé máàkì yẹn wálé gan-an ni mo bá ẹ̀rọ ilé ìdáná ní ṣíṣí sílẹ̀ tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ níhìn-ín ní òkè ọya, kí lẹ ṣe pẹ̀lú tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n pariwo, mo ti pariwo títí ohùn mi fi há. Ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe, tí ojú wọn lè rí, ni mo ń wá.

Bàbá Oníbọ́ọ̀hóòlù, Gwagwalada:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ni mo ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 18 tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ Abuja yìí káàkiri, Kuje, Lugbe, Kubwa yín náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilé yín, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwa àgbà fúnra wa rò pé adágún omi kan ló wà nísàlẹ̀ tí a ń fi rọ́bà fà.

Kò sí adágún níbẹ̀. Orí àpáta la kọ́ apá tó pọ̀ jù ní Abuja sí. Àpáta tí ẹ ń rí ní Aso àti ní Zuma, irú rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi kì í gbé inú àpáta tó le gbagidi. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta ló ń gbé, àti inú ibi tí àpáta náà ti sán. Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ omi sí i. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, kò sí ohun tó ń wọlé mọ́, gbogbo ilé àdúgbò á sì máa fà á. Oṣù kẹta tí tiyín gbẹ, ìparí owó oṣù nìyẹn, tí owó oṣù tuntun ò tíì wọlé.

Kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i, bàbá àwọn ọmọ kò sọ àsọdùn, ó lè dáa. Mo ti gbẹ́ èyí tó dáa. Mo sì ti gbẹ́ èyí tí a ná owó lé lórí tí a kò bá ojú omi kankan pàdé, tí onílé sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé omi náà pamọ́.

Ohun tí mo ṣe fún ọmọ tèmi nìyí. Ẹ wá abọ́ ike tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i dé ààbọ̀, kí ẹ da iyanrìn lé e. Ẹ po omi zobo díẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn, ẹ rọra dà á sí i bí òjò. Wọ́n á rí i tó ń wọ ilẹ̀. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì, ẹ ra síríǹjì méjì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù, ẹ fún Táíwò ní ọ̀kan, Kẹ́hìndé ní ọ̀kan. Síríǹjì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Kí wọ́n máa fà. Kò ní pẹ́ tí ti ẹnì kan á fi máa fa afẹ́fẹ́, ẹni tó ti tirẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ jù lá ṣì máa rí omi. Ẹ má sọ nǹkan kan. Wọ́n á bi yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá bo orí iyanrìn náà, kí ẹ tún rọ òjò lé e. Gbogbo ẹ̀ á ṣàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rá yẹn ni ìńtálọ́ọ̀kì tí ẹ sọ pé ẹ tẹ́ sí àgbàlá. Ilé tuntun tí mo ń lọ báyìí, wọ́n á fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, wọ́n á wá máa bi mí ní ẹ̀ẹ̀rùn pé omi dà. Bí ẹ bá lè ṣí ibì kan, kódà kó má ju ibi tí a lè gbin igi máńgòrò kan sí, ẹ ṣí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ẹ má bínú sí mi. Àgbà ló ń fi omi ṣòfò ju ọmọ lọ. Táǹkì tó kún lóru tó ń dà sílẹ̀ dé àárọ̀, ta ló gbàgbé láti pa pọ́ǹpù?

Tíṣà Kánò:

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Oníbọ́ọ̀hóòlù. Ọdún 23 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sabon Gari níhìn-ín, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò, ọmọ Hausa, gbogbo wọn ló ń fi owó ra omi nílé.

Ìyá Ìbejì, ẹ má ka kẹ́ẹ̀gì náà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín. Ẹ fi àwọn méjèèjì ṣe akápò omi ilé. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló wọlé lónìí, kí wọ́n fà á sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bù, títí kan bàbá wọn, kọ́kọ́ sọ fún akápò ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọmọ tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí kì í fẹ́ kí àpótí gbófo. Kódà tí bọ́ọ̀hóòlù bá padà, ẹ má jẹ́ kí ìwé náà dúró. Ẹ fi rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4 sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń kán, kí wọ́n kọ iye wákàtí tó fi kún.

Ní kíláàsì, adágún Chad ni mo fi ń ṣe tèmi. Àwọn ọmọ mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ẹja tó ti ibẹ̀ wá, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo máa ń kó wọn lọ sí pápá, màá fi eérú ya igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo ní èyí ni adágún náà ní 1963, nígbà tó fẹ̀ tó kìlómítà 25,000 níbùú lóròó. Kí gbogbo kíláàsì wọ inú rẹ̀. Àyè á gbà wọ́n, wọ́n á máa jó. Màá wá ya ilà kan sí ẹ̀gbẹ́, ìṣísẹ̀ kan péré ní fífẹ̀. Èyí ni ohun tó kù nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kí gbogbo yín bọ́ sínú ibẹ̀. Wọ́n á fún ara wọn pọ̀, ẹnìkan á bọ́ síta, ẹnìkan á ké. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ fún wọn pé apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́rin, Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon, ló ń jẹun létí omi yìí. Ọ̀dá tó mú ní 1970 sókè ló fa èyí tó pọ̀ jù, omi tí wọ́n sì ń fà látinú àwọn odò tó ń ṣàn lọ síbẹ̀ láti fi bomi rin oko dá kún un.

Ìkìlọ̀ kan. Lọ́dún kan, ọmọdébìnrin kan sunkún délé pé omi Kánò máa tán kí òun tó dàgbà. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í parí ẹ̀kọ́ yẹn láìsọ pé omi náà ti ń padà díẹ̀díẹ̀ láti bí 1990, nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. N kì í parí ẹ̀ láìtún sọ ti Tiga, ìsédò tí wọ́n kọ́ tán ní 1974, pé àwọn èèyàn kan jókòó ronú bí Kánò ṣe máa rí omi mu ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rù nìkan kì í kọ́ ọmọ, ó máa ń mú kí ó dijú ni.

Ọmọ Jos:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ti omi lẹ ń sọ, tèmi fẹ́ yà díẹ̀ sí ti kùsà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tèmi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Jos láti wá ta ọjà fún àwọn tó ń wa tánńganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń pèsè rẹ̀ jù láyé nígbà kan. Àwọn ilé iṣẹ́ wà á, wọ́n kó o lọ, nígbà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n káńgárá wọn. Kòtò ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Òjò rọ̀ sínú kòtò, ó di ọ̀gbun omi tó mọ́ lójú tó sì jìn ju bí ọmọ ṣe lè rò lọ. Ẹ̀yìn ilé wa ni ọ̀kan wà. Ọmọ kíláàsì mi kan rì sínú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ karùn-ún. Mo ṣì rántí bàtà rẹ̀ méjèèjì tó tò sí etí omi.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi nìyí: mo gbé agolo tòmátò sí wọn lọ́wọ́. Mo ní irin ni agolo yìí, tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó kó má bàa dípẹtà. Ibo ni wọ́n ti mú tánńganran wá? Mo wá mú wọn lọ wo ọ̀gbun náà láti òkè, mo di ọwọ́ wọn mú. Nísinsin yìí, àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ sí oko ànàmọ́ òyìnbó àti kábéèjì ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi ìyẹn náà hàn wọ́n. Ọmọbìnrin mi gbé agolo yẹn délé, kò jẹ́ kí n jù ú nù. Ó fi gbin àlùbọ́sà eléwé. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ra nǹkan tuntun, yóò bi mí pé, "Ibo ni wọ́n ti gbẹ́ eléyìí?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni n ò lè dá a lóhùn, a ó jọ wá a.

Ìyá Mínà:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akápò yẹn dá ìjà sílẹ̀ nílé mi. Ẹ̀gbọ́n sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá, ó ní àbúrò ò gbọdọ̀ fọ ẹsẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o.

Èédú ni mo fi ń kọ́ tèmi, torí pé òun la fi ń dáná bí gáàsì bá tán. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí, igi òrí pọ̀, ìpínlẹ̀ Niger ni òrí ti ń wá jù. Ìyàwó àgbẹ̀ kan tí mo ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ mi lọ sábẹ́ igi kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣa èso rẹ̀. Ó ní igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so. Lẹ́yìn náà ló fi kùkùté ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, pé àwọn aléèédú gé e láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ mi ọkùnrin ọdún 11 jókòó lé kùkùté náà, ó ń ka ọdún orí ara rẹ̀ lórí ìka. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ìyá Ìbejì Kubwa:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ bí ó ṣe lọ.

A ṣe ti síríǹjì ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Kẹ́hìndé ti tirẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń fa omi, ti Táíwò ń fa afẹ́fẹ́, Táíwò fẹ́ẹ̀ sunkún, ó ní ìrẹ́jẹ ni. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí, mo dákẹ́. Kẹ́hìndé wo síríǹjì tó kún lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Táíwò, ó tú ìdajì padà sórí iyanrìn. Bàbá wọn ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a dé orí ọ̀rá, ó wọlé, ó lóṣòó, ó ní kí a tún ti ọ̀rá yẹn ṣe kí òun rí i. Lọ́jọ́ kejì ló pe oníṣẹ́ wá ká ìńtálọ́ọ̀kì kúrò lápá ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wa ọkọ̀ lọ sí Ushafa kí wọ́n lè rí omi Usuma Dam tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ Abuja. Mo sọ fún wọn pé omi ibẹ̀ nìkan kò tó ìlú mọ́, pé wọ́n ri páìpù kìlómítà 75 láti ìsédò Gurara ní ìpínlẹ̀ Kaduna wá kún un. Lójú ọ̀nà, a rí àwọn ìyá Gbagyi tó ru igi ìdáná sí èjìká. Táíwò ní, "Ṣé èjìká kì í ro wọ́n?" Ìgbà yẹn ni mo sọ ti Ṣakí fún wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láìfi ṣe ìbáwí. Wọ́n gbọ́ ọ títí a fi délé.

Mo tún pe ọmọkùnrin tó ń ta omi fún wa pé kó jókòó, kó mu zobo, kí àwọn ọmọ bi í léèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Kẹ́hìndé bi í ní aago tó ń jí. Nígbà tó gbọ́ aago mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí mẹ́rúwà lọ, Kẹ́hìndé wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Màmá, bọ́ọ̀lù yẹn, aṣọ tó tutù ìbá ti tó o." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìgbájú tí mo gbá a.

Ìwé akápò wà lára ògiri, wọ́n ń pààrọ̀ bí Ìyá Mínà ṣe wí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ti di méje àbọ̀ lójúmọ́, àwọn gan-an ló kọ ọ́. Nígbà tí omi bọ́ọ̀hóòlù tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ àlejò tó ń kán fi wákàtí 11 kún rọ́bà pẹ́ńtì. Ọkọ mi ti tún un ṣe.

Ní báyìí, òjò ti ń ṣú. Àwọn ọmọ fẹ́ gbe òṣòòrò láti orí páànù, wọ́n ti ya bí páìpù ṣe máa gbà. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí dúrọ́ọ̀mù ńlá tí kò gbé kẹ́míkà rí rà ní Kubwa tàbí Dei-Dei, àti oníṣẹ́ tó lè so gọ́tà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ gidi?